6-0, 6-0: Kí là ń kà gan-an nígbà tí ọ̀gá tẹ́nìsì bá na ọmọ tó ń gòkè bọ̀?

Ní Sátidé, 12 oṣù Keje 2025, Iga Swiatek, ọmọ Pólándì, na Amanda Anisimova, ọmọ Amẹ́ríkà, ní 6-0, 6-0 nínú eré àṣekágbá àwọn obìnrin ní Wimbledon. Ìṣẹ́jú 57 péré ni gbogbo ẹ̀ gbà. Ọjọ́ méjì ṣáájú, Anisimova yìí kan náà ló lé Aryna Sabalenka, ẹni tó wà ní ipò kìíní lágbàáyé, kúrò nínú ìdíje ọ̀hún. Àwa ará Ìjẹ̀bú ò ráyè jiyàn lórí ẹ̀ títí, torí ọjọ́ kejì ni Ọba Síkírù Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀, wàjà, ta ló tún fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ eré ìdárayá lọ́jọ́ yẹn?

Ìbéèrè náà ò kúkú kú. Ọmọ kan á máa gòkè bọ̀, àwọn oníròyìn á gbé orúkọ ẹ̀ kọ́rùn, á wá pàdé ẹni tó wà lókè téńté, wọ́n á sì fi 6-0, 6-0 lé e wálé. Ohun kan náà lẹ ó gbọ́ ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù láti Òkè-Ajé títí dé Sábó ní Ṣàgámù: "Méjìlá sí òdo? Ta ló gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ débẹ̀?" Ẹni tó ń fi ojú bọ́ọ̀lù wò ó ló ń sọ bẹ́ẹ̀, kò sì jẹ̀bi, torí bọ́ọ̀lù ló mọ̀. Nínú bọ́ọ̀lù, 6-0 ni 6-0, gbogbo góòlù ló wà níbẹ̀. Nínú tẹ́nìsì, ohun tí nọ́ńbà yẹn fi pamọ́ pọ̀ ju ohun tó fi hàn lọ. (Tẹ́nìsì tí à ń wí yìí, ti kọ́ọ̀tù gbàgede ni o, lọ́ọ̀nù tẹ́nìsì. A ò sọ ti orí tábìlì.)

Pọ́ìntì, géèmù, sẹ́ẹ̀tì: èwo ni wọ́n ń kọ sójú pátákó?

Ìpele mẹ́ta ló wà. Pọ́ìntì ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa gbá bọ́ọ̀lù síra wọn lórí nẹ́ẹ̀tì, títí ẹnì kan á fi gbá a síta, tàbí tó gbá a wọ nẹ́ẹ̀tì, tàbí tí bọ́ọ̀lù fò lẹ́ẹ̀mejì níwájú ẹ̀ kó tó bá a. Ẹnì kejì ti jẹ pọ́ìntì kan nìyẹn.

Pọ́ìntì mẹ́rin ló ń di géèmù kan, ṣùgbọ́n wọn kì í kà á ní ení, èjì. Àkọ́kọ́ ni 15, ìkejì ni 30, ìkẹta ni 40, ìkẹrin á sì parí géèmù. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú lórí ìdí tí kò fi jẹ́ 45, bí wọ́n ṣe bá a nílẹ̀ nìyẹn. Bí àwọn méjèèjì bá jọ dé 40, diúsì nìyẹn, ẹni tí yóò bá sì jẹ géèmù náà gbọ́dọ̀ jẹ pọ́ìntì méjì léra. Ẹni tó jẹ ẹyọ kan tí kò rí èkejì jẹ, diúsì ni wọ́n á padà sí. Ó lè yí po bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Géèmù mẹ́fà ló ń di sẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ fi méjì ju ti ẹnì kejì lọ: 6-4 ti parí, 6-5 ò tíì parí, 7-5 ti parí. Tó bá di 6-6, wọ́n á gbá taibíréèkì, ìyẹn géèmù kan tí wọ́n ń kà ní ení, èjì, títí ẹnì kan á fi dé 7 tó sì fi méjì ju ẹnì kejì lọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ sẹ́ẹ̀tì méjì ló ni eré. Àwọn ọkùnrin nìkan, ní ìdíje ńlá mẹ́rin ọdọọdún (Australian Open, Roland Garros, Wimbledon àti US Open), ló ní láti jẹ mẹ́ta.

6-0, 6-0 wá túmọ̀ sí pé ẹnì kan jẹ géèmù méjìlá, tí ẹnì kejì ò jẹ ẹyọ kan. Kò sọ iye pọ́ìntì tí ẹnì kejì yẹn jẹ. Pátákó ò kọ ìyẹn.

Ibo ni pọ́ìntì ẹni tó fìdí rẹmi wọlẹ̀ sí?

Ẹ jẹ́ ká wo géèmù kan ṣoṣo. Ọmọdé ló ń bẹ̀rẹ̀. Ó jẹ pọ́ìntì àkọ́kọ́, 15-0. Ó jẹ ìkejì, 30-0. Ọ̀gá dá bọ́ọ̀lù kan padà sí i lẹ́sẹ̀, kò rí i gbé, 30-15. Ọmọdé tún fi ọwọ́ líle bẹ̀rẹ̀, 40-15, ó ku ẹyọ kan. Ó gbá fọ́háǹdì kan, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ojú àtẹ́lẹwọ́ gbá, tó fi bí ìbú ìka méjì kọjá ìlà, 40-30. Wọ́n gbá èyí tó tẹ̀ lé e síra wọn títí, ẹsẹ̀ ń dún lórí kọ́ọ̀tù, ọ̀gá ló gbẹ̀yìn ẹ̀: diúsì. Ọmọdé jẹ ọ̀kan, ó pàdánù ọ̀kan, diúsì. Ó tún jẹ, ó tún pàdánù, diúsì. Nígbẹ̀yìn ọ̀gá jẹ méjì léra.

Pọ́ìntì 12 ni wọ́n gbá: 7 fún ọ̀gá, 5 fún ọmọdé. Ohun tó wà lójú pátákó ni 1-0. Géèmù tó kàn, òdo sí òdo ni wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀, márùn-ún ọmọdé ti wọlẹ̀. Tí irú géèmù yìí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, 6-0 ni wọ́n á kọ, bẹ́ẹ̀ ọmọdé ti jẹ pọ́ìntì 30 nínú 72.

Eré 6-0, 6-0 tí ẹnì kan ò rí nǹkan kan jẹ nínú ẹ̀ rárá, pọ́ìntì 48 ló máa jẹ́ látòkèdélẹ̀. Eré àṣekágbá Wimbledon tá a sọ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ 79, Swiatek jẹ 55, Anisimova jẹ 24. Bíi mẹ́ta nínú mẹ́wàá nìyẹn. Ìyà gidi ni, kò sẹ́ni tó lè fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú mẹ́wàá àti òdo nínú méjìlá, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ẹ wá wo apá kejì ẹ̀. Roger Federer, ọ̀gá tẹ́nìsì ọmọ Siwitsalandi, sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní iléèwé gíga Dartmouth ní Amẹ́ríkà ní 2024 pé nínú eré 1,526 tí òun dá gbá, òun jẹ bíi 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n nínú pọ́ìntì, 54 nínú ọgọ́rùn-ún péré lòun jẹ. Ẹni tó pàdánù pọ́ìntì 46 nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún tó gbá, òun ló gba ìdíje ńlá 20.

Báwo ni 54 ṣe ń di 80? Ìṣirò ni. Ẹ gbà pé ọ̀gá ń jẹ pọ́ìntì 55 nínú 100, ọmọdé ń jẹ 45. Tí a bá gbé e dé orí géèmù, ọ̀gá á máa jẹ nǹkan bíi 62 nínú 100. Tó bá dé orí sẹ́ẹ̀tì, tirẹ̀ á lé ní 80. Ẹ sún un díẹ̀ sí i, kó di 60 sí 40: géèmù á di bíi 74, sẹ́ẹ̀tì á lé ní 95. Nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, bíi 16 ló máa jẹ́ 6-0, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń ṣàìsàn. Mo fojú fo àǹfààní ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ pọ́ìntì nínú ìṣirò yìí kó má baà lọ́jú pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ló ń gbà lọ. Ní ìparí géèmù kọ̀ọ̀kan wọ́n á nu pátákó nù, ní ìparí sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan wọ́n á tún nù ún, ẹni tó fi díẹ̀ ju ẹnì kejì lọ ló sì ń jèrè gbogbo nínù yẹn.

Ó tiẹ̀ lè yí padà pátápátá. Ní àṣekágbá Wimbledon 2019, Federer jẹ pọ́ìntì 218, Novak Djokovic jẹ 204. Djokovic ló gbé ife lọ sílé.

Kí ló ń bàjẹ́ lọ́wọ́ ọmọdé gan-an?

Sáfù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ pọ́ìntì. Ẹni tó ń sáfù á dúró lẹ́yìn ìlà ìparí, á ju bọ́ọ̀lù sókè, á gbá a kọjá nẹ́ẹ̀tì tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 91 láàárín, sínú àpótí tó wà ní igun kejì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló láǹfààní ẹ̀. Àkọ́kọ́, agbára ni. Ìkejì, ìfarabalẹ̀, torí bí ìyẹn náà bá sọnù, ó ti fi pọ́ìntì tọrẹ. Torí pé òun ló ń yan ibi tí bọ́ọ̀lù máa kọ́kọ́ lọ, ẹni tó ń sáfù ló sábà máa ń jẹ géèmù, pàápàá láàárín àwọn ọkùnrin. Tí ẹni tó ń gbà á bá jẹ ẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, bíréèkì nìyẹn. Wọ́n ń pààrọ̀ sáfù ní géèmù kọ̀ọ̀kan, nítorí náà nínú sẹ́ẹ̀tì 6-0, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọdé sáfù, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Sáfù àkọ́kọ́ ẹ̀ ò wọlé tó. Lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ìyẹn ò le, wọ́n á rọra dá sáfù kejì padà sáàárín, eré á bẹ̀rẹ̀ ní ọgbọọgba. Ọ̀gá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á gbẹ́sẹ̀ kan tàbí méjì wọnú kọ́ọ̀tù, á gbá sáfù kejì yẹn nígbà tó ṣì ń fò sókè, á gbé e lọ sí nǹkan bíi mítà kan sí ìlà ìparí, níbi tí ẹsẹ̀ ọmọdé wà. Ọwọ́ tó fi sáfù ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán, ó ti ń fi ẹ̀yìn rìn. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára kún sáfù kejì kí wọ́n má baà lù ú mọ́, ibẹ̀ ni sáfù méjèèjì ti máa ń sọnù léra. Ẹ ò ní rí i nínú èsì. Tẹ́ ẹ bá ń wo eré náà, ẹ máa ka iye ìgbà tó ń dé orí sáfù kejì. Tó bá ti ju ìdajì lọ, ẹ tètè máa mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Lẹ́yìn sáfù, àsìkò ni. Mítà 23.77 ni kọ́ọ̀tù láti ìlà ìparí kan sí èkejì. Bọ́ọ̀lù tí ọmọdé gbá máa ń balẹ̀ ní àárín méjì, nítòsí ìlà àpótí sáfù. Ti ọ̀gá máa ń balẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Ẹni tí bọ́ọ̀lù ẹ̀ balẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yìn ń lé ẹnì kejì sẹ́yìn, ẹni tó wà lẹ́yìn ń gbá bọ́ọ̀lù tó kúrú, ọ̀gá á wọlé gbá èyí tó kúrú yẹn kó tó rọlẹ̀. Lójú ẹni tó ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, ó dà bíi pé ọmọdé ń lọ́ra. Kò lọ́ra rárá. Wọ́n ń jí ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan gbé mọ́ ọn lọ́wọ́ ní gbogbo bọ́ọ̀lù, kò sì rí ìdí ìrìn ẹ̀ dúró lé.

Bẹ́ẹ̀ ni ohun ìjà kan ṣoṣo ò tó mọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń gòkè, fọ́háǹdì ló gbé wọn dé ibi tí wọ́n wà. Ọ̀gá ti rí fídíò wọn. Ẹ̀gbẹ́ kejì ló máa ń gbá a sí, ìyẹn bákáǹdì, tó sì ga dé èjìká, títí ọmọdé á fi sáré yípo bọ́ọ̀lù kó lè fi fọ́háǹdì gbá a. Tó bá ti sáré yípo, ìdajì kọ́ọ̀tù ti ṣófo.

Èyí tó ń pa ọ̀pọ̀ wọn jù ni ìlà. Bọ́ọ̀lù tó máa ń parí pọ́ìntì fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá ń dá a padà. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì, ó tún padà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a sún mọ́ ìlà, bíi kó ku ìbú ọwọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ibi tó ti máa ń fi mítà kan sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ọwọ́ ẹ̀ mọ́ ọn. Àṣìṣe ọwọ́ ara ẹni ni wọ́n ń pe bọ́ọ̀lù tí ẹnikẹ́ni ò fipá mú ọ gbá síta. Anisimova ṣe 28 nínú eré Wimbledon yẹn. Tẹ́ ẹ bá rántí pé 55 ni gbogbo pọ́ìntì Swiatek, ẹ ó rí i pé ọwọ́ Anisimova fúnra ẹ̀ ló ti wá bí ìdajì.

Kò sì sí ibi tí a lè sá sí. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti fi góòlù mẹ́ta nà lè kó ara wọn jọ síwájú ilé, kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù síta títí fèrè á fi dún. Tẹ́nìsì ò ní fèrè. Ìṣẹ́jú-àáyá 25 ni wọ́n fún ẹ láàárín pọ́ìntì kan sí èkejì, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́, méjì lẹ́yìn sẹ́ẹ̀tì. Kóòṣì lè sọ̀rọ̀ sí ẹ láti ìjókòó ẹ̀ báyìí, kò lè fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ti le, tí jíju bọ́ọ̀lù sókè ti yí lójú, inú ìṣẹ́jú-àáyá 25 yẹn ló ti máa tún un ṣe, níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Mo rò pé ibí yìí ni àwọn tó ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ kì í rò dé.

Ta ló ní kí wọ́n tètè pàdé?

Ìbò ni. Èèyàn 128 ló ń wọ ìdíje ńlá kọ̀ọ̀kan lọ́kùnrin, 128 lóbìnrin. Àwọn 32 tó ga jù ni wọ́n ń pè ní siídì, wọ́n á tò wọ́n kí wọ́n má pàdé ara wọn títí di ìpele kẹta, kí siídì kìíní àti ìkejì má sì pàdé títí dé àṣekágbá. Àwọn 96 yòókù, ibi tí ìbò bá gbé wọn sí ni. Ọmọ tó ti jẹ eré mẹ́ta nínú ìdíje ìyẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú kó tó ráyè wọlé lè bá ẹni kìíní lágbàáyé pàdé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìyẹn ni kò fi yẹ ká máa bi í pé kí ló wá débẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn débẹ̀.

Ṣé wọ́n á yọ àmì lára ẹ̀ torí 6-0?

Rárá o, ibí yìí sì ni àṣìrò pọ̀ sí jù. Ètò ipò àgbáyé ò mọ 6-0 yàtọ̀ sí 7-6. Ìpele tí o dé nínú ìdíje ló ń fún ẹ lámì. Ẹni tó gba ìdíje ńlá á gba àmì 2,000. Àwọn ìdíje tó tẹ̀ lé e ń fún olùborí ní 1,000, 500 tàbí 250. Ẹni tó já ní ìpele kìíní ìdíje ńlá, àmì 10 ló ń gbà, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú 50 ló lò tàbí wákàtí márùn-ún. Wọn kì í yọ ẹyọ kan lára ẹnikẹ́ni torí pé wọ́n nà án.

Ohun tó ń yọ àmì ni kàlẹ́ńdà. Ọ̀sẹ̀ 52 ni àmì fi ń wúlò. Bí Ojúde Ọba ni: rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó múra jù lọ́dún tó kọjá, ẹ̀bùn tọdún yẹn ni wọ́n gbà. Ọjọ́ kẹta Iléyá tọdún yìí, wọ́n gbọ́dọ̀ tún ran aṣọ tuntun, kí wọ́n tún jáde síwájú Ọba, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹlòmíì ló ni ẹ̀bùn. Ọmọ tó dé ìpele kẹrin lọ́dún tó kọjá tó sì pàdé ọ̀gá ní ìpele kìíní lọ́dún yìí, ipò ẹ̀ máa já wálẹ̀, àwọn èèyàn á sì rò pé 6-0 yẹn ló já a. Àmì ọdún tó kọjá ló kúrò, kò sí òmíràn tó rọ́pò ẹ̀.

Anisimova ni ẹ̀rí tó dájú jù. Àmì 1,300 ló gbà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe ipò kejì ní Wimbledon. Ọjọ́ Mọ́ńdè lẹ́yìn tí wọ́n fi 6-0, 6-0 nà án, ipò keje lágbàáyé ló bọ́ sí, ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀ tó máa wọ mẹ́wàá àkọ́kọ́.

Owó náà ò wo èsì. Ní Wimbledon 2025, ẹni tó já ní ìpele kìíní gba 66,000 pọ́n-ùn. Fún ọmọ tó ń fi owó ara ẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú, tó ń san owó kóòṣì àti hòtẹ́ẹ̀lì, owó yẹn ló máa gbé e dé ìparí ọdún, kódà bí kò bá jẹ géèmù kan.

Ṣé ẹni tó jẹ irú ìyà yẹn tún ń dìde?

Carlos Alcaraz pé ọmọ ọdún 18 ní 5 oṣù Karùn-ún 2021. Ọjọ́ ìbí ẹ̀ gan-an ni Rafael Nadal na án ní 6-1, 6-2 ní Madrid, níwájú àwọn ará ilé ẹ̀ ní Sípéènì. Kò tíì sí nínú ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́ lágbàáyé nígbà yẹn. Ní Madrid kan náà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó na Nadal, ó na Djokovic, ó gba ìdíje náà. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹsàn-án 2022, ó ti gba US Open, ó sì ti di ẹni kìíní lágbàáyé ní ọmọ ọdún 19.

Ti Anisimova ò tiẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn Wimbledon tó tún pàdé Swiatek ní US Open, ó sì nà án ní 6-4, 6-3. Ó dé àṣekágbá níbẹ̀ náà kí Sabalenka tó dá a dúró.

Natasha Zvereva ni tirẹ̀ gba ọ̀nà míì. Ọmọ ọdún 17 ni ní Roland Garros 1988, ó ti lé Martina Navratilova jáde kó tó pàdé Steffi Graf, ẹni kìíní lágbàáyé, ní àṣekágbá. 6-0, 6-0, kò tó ogójì ìṣẹ́jú. Zvereva ò dé irú àṣekágbá bẹ́ẹ̀ mọ́ láé ní òun nìkan. Ṣùgbọ́n ní eré ẹlẹ́ni-méjì-méjì, ìdíje ńlá 18 ló gbà pẹ̀lú àwọn obìnrin mìíràn. Torí náà, kò tọ́ ká parọ́ pé gbogbo ẹni tí wọ́n bá nà ló ń padà di Alcaraz.

Àwọn tó ti dé òkè náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Emma Raducanu gba US Open 2021 láti inú ìdíje ìyẹ̀wò, kò pàdánù sẹ́ẹ̀tì kankan. Ní Australian Open 2025, Swiatek fi 6-1, 6-0 ránṣẹ́ sí i. Federer ni ẹni kìíní lágbàáyé lọ́jọ́ tí Nadal na án ní 6-1, 6-3, 6-0 ní àṣekágbá Roland Garros 2008, lórí ilẹ̀ amọ̀ tí Nadal ti mọ̀ dénúdénú. Oṣù kan lẹ́yìn náà, lórí koríko Wimbledon, sẹ́ẹ̀tì márùn-ún ni wọ́n gbá kí Nadal tó rí i nà. Ilẹ̀ tí wọ́n ń gbá a lórí náà ń sọ̀rọ̀.

Ìgbà míì, ẹni tí wọn ò kà sí ló ń dá eré náà sọ́nà òdì. Nduka Odizor, ọmọ Nàìjíríà, pàdé Guillermo Vilas ará Ajẹntínà, siídì kẹrin, ní ìpele kìíní Wimbledon 1983. Ó pàdánù sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́. Ó jẹ mẹ́ta tó kù, ó sì bá a lọ títí dé ìpele kẹrin.

Bó bá jẹ́ ọmọ tiyín ni ńkọ́?

Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ní àwọn ọmọ tó ń gbá tẹ́nìsì lórí kọ́ọ̀tù sìmẹ́ǹtì iléèwé àti ti yunifásítì, ọ̀pọ̀ òbí ló sì ti rí ọmọ wọn tó na gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀ nílé, tó wá lọ sí ìdíje kan l'Ékòó tàbí l'Ábùjá, tó gbé 6-0, 6-1 bọ̀. Kí ẹ tó bi í kí ló ṣe é, ẹ mú ìwé kékeré kan àti bírò lọ síbẹ̀ nígbà míì, kẹ́ ẹ ka nǹkan mẹ́rin.

Iye sáfù àkọ́kọ́ tó wọlé nínú iye tó gbá. Tó bá kéré sí ìdajì, bó ṣe ń ju bọ́ọ̀lù sókè ni kẹ́ ẹ wò. Bọ́ọ̀lù tó ṣubú sẹ́yìn orí ẹ̀ máa lọ síta. Èyí tó jìnnà síwájú jù máa wọ nẹ́ẹ̀tì. Kò yẹ kó máa lé bọ́ọ̀lù tó jù kiri. Iye sáfù tó sọnù lẹ́ẹ̀mejì léra, àti géèmù tó ti ṣẹlẹ̀: tó bá jẹ́ ìgbẹ̀yìn géèmù ni gbogbo wọn kó sí, ọwọ́ ẹ̀ ló ń le. Iye sáfù alátakò tó dá padà sínú kọ́ọ̀tù, ibikíbi tó bá a dé. Ẹni tí kò bá dá a padà ò tíì bẹ̀rẹ̀ eré.

Ìkẹrin ló ṣe pàtàkì jù: ibi tí bọ́ọ̀lù tó pàdánù kú sí. Ẹ fi "N" sàmì nẹ́ẹ̀tì, "Ẹ̀" fún ẹ̀yìn ìlà, "G" fún ẹ̀gbẹ́, "O" fún èyí tí alátakò gbá tí kò rí bá. Tí "N" bá pọ̀, ó ń pẹ́ dé ìdí bọ́ọ̀lù, kò sì tẹ orúnkún. Tí "G" bá pọ̀, ìlà ló ń wá, ẹ ní kó fi mítà kan sílẹ̀. Tí "O" bá pọ̀ ju gbogbo yòókù lọ, ẹ jẹ́ kí ọmọ sinmi, alátakò ló dára.

Tí "Ẹ̀" bá pọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo bọ́ọ̀lù kẹ́ ẹ tó wo ọmọ. Bọ́ọ̀lù tó wà nínú agolo ní afẹ́fẹ́ tó le nínú. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti ṣí i ni afẹ́fẹ́ yẹn ti ń dínkù, irun ara ẹ̀ á sì máa jẹ. Ọmọ tó ń fi bọ́ọ̀lù olóṣù mẹ́ta gbára dì nílé, tí kò fò mọ́, á gbá bọ́ọ̀lù tuntun ìdíje bó ṣe ń gbá tilé, ó máa kọjá ìlà ni. Ní ìdíje àwọn ọ̀gá, lẹ́yìn géèmù méje àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń pààrọ̀ bọ́ọ̀lù, lẹ́yìn náà, gbogbo géèmù mẹ́sàn-án. Ẹ ṣí agolo tuntun kan, ó kéré tán, lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìdíje, ẹ sì yẹ okùn rákẹ́ẹ̀tì wò. Okùn tó ti dẹ̀ máa ń ju bọ́ọ̀lù jìnnà ju bí ọwọ́ ṣe fẹ́ lọ.

Ẹ tún kọ iye géèmù tó dé diúsì sí ẹ̀yìn ìwé yẹn. 6-0 tí mẹ́rin nínú ẹ̀ dé diúsì sàn lójú tèmi ju 6-3 tí ọmọ ò sún mọ́ bíréèkì kankan nínú ẹ̀. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, sáfù kejì ni iṣẹ́ tó kù: apẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù 40, sáfù kejì nìkan, 20 sí igun kan, 20 sí ìkejì, kó fi rákẹ́ẹ̀tì mú bọ́ọ̀lù máa yí, kó ga kọjá nẹ́ẹ̀tì dáadáa kó tó wọlẹ̀. Ẹ má ka agbára. Ẹ ka iye tó wọlé, títí 36 nínú 40 á fi máa wọlé lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ tó ní kó gbá a le.